Àjẹ̀ Tó Wà Léjìká Bàbá Mi

Títí di òní, bí òórùn kẹrosíìnì bá fẹ́ sí mi nímú, òkúta pupa ni ojú mi máa ń rí. Mo mọ̀ pé àwọn méjèèjì ò bára tan. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ dàgbà létí omi bíi tèmi, tí ẹ mọ bí gbogbo ẹrù ọjà Igbókòdá ṣe máa ń jókòó léra wọn nínú ọkọ̀ kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ mi á tètè yé yín. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ni bàbá mi ti Igbókòdá dé, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lójú omi. Ó na ọwọ́ sábẹ́ àpò gaàrí, ó fa ìwé kan tí wọ́n ká roboto jáde, ó ní, "Ọma mi, ghá gba tìẹ." Kẹrosíìnì ti dà sí i lára. Ìyá mi ní ká sá a sóòrùn. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi sá a, òórùn náà ò kúrò. Kàlẹ́ńdà ni, ọ̀kan nínú èyí tí àwọn ọlọ́jà máa ń fi ta oníbàárà wọn lọ́rẹ.

Orí òpó ni ilé wa wà, ní ọ̀kan nínú àwọn abúlé ọ̀nà Etikan, odò lẹ́yìn, òkun níwájú. Pátákó la fi ń rìn láti ilé dé ilé, pátákó náà ló gbé wa dé ilé ìwé. Bí omi bá kún, a máa ń gbọ́ ọ lábẹ́ ẹní wa, bó ṣe ń gbá òpó jẹ́jẹ́. Ẹrẹ̀ àti iyanrìn ni gbogbo ilẹ̀ tí mo mọ̀. Òkúta kan ṣoṣo tó wà nínú ayé mi ni ọlọ ìyá mi, èyí tí wọ́n fi ọkọ̀ gbé wá láti òkè nígbà tó ń lọ sílé ọkọ. Mo rí i pé wọ́n gbẹ́ ọlọ náà ni, mo wá gbà pé gbogbo òkúta ayé, ẹnì kan ló gbẹ́ ẹ, bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ọkọ̀.

Ẹ wá wo ojú mi nígbà tí a tẹ́ kàlẹ́ńdà náà sílẹ̀. Òkúta pupa ló ga lọ sókè lápá ọ̀tún, òmíràn ga lápá òsì, àárín wọn là gbàgà wọ ìsàlẹ̀, ó jìn débi pé ènìyàn tó dúró nísàlẹ̀ níbẹ̀ kò ju edé lọ. Kò sí ewé, kò sí ẹyẹ, kò sí omi. Bàbá mi ò mọ̀wé, èmi ni mo ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ fún un, pẹ̀lú ìgbéraga ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Mo ní aṣálẹ̀ ni, ní Amẹ́ríkà, òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ níbẹ̀. Mo ní ìjọba ló sọ ọ́ di ọgbà, ẹnikẹ́ni ló lè lọ wò ó, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ kọ́lé síbẹ̀ tàbí kó mú ohunkóhun kúrò níbẹ̀.

Bàbá mi wò ó títí, ó ní, "Ta ló gbẹ́ ẹ?"

Ohun tó wà lọ́kàn èmi náà nìyẹn. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, mo bi tíṣà wa, ọkùnrin gíga kan tó máa ń tẹrí ba kó tó lè wọ kíláàsì. Ó ní omi ló gbẹ́ ẹ. Ó ní omi ṣàn níbẹ̀ fún ọdún tí ẹnikẹ́ni ò lè kà, ó ń jẹ òkúta náà díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà ó gbẹ. Mo sáré lórí pátákó bọ̀ wálé, díẹ̀ ló kù kí n já sómi, mo jíṣẹ́ tíṣà fún bàbá mi bí ẹni tó gbé ìròyìn ọba dé.

Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín o. Ó gbé àwọ̀n tó ń tún ṣe sílẹ̀. Ta ló fẹ́ kọ́ bàbá mi pé omi ń jẹ ilẹ̀? Ẹ̀ẹ̀mejì ni a ti tú ilé wa, tí a tún un kọ́ sẹ́yìn, kí n tó pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ibi tí wọ́n bí i sí, ìgbì ló ń fọ́ níbẹ̀. Ó ti nawọ́ sí i hàn mí rí láti inú ọkọ̀, bí ẹni ń nawọ́ sí ilé aládùúgbò. Ohun tó jẹ́ tuntun sí i ni pé omi kan wà láyé tó jẹun yó, tó sì kúrò nídìí àwo.

"Dede omi yẹn, gbogbo rẹ̀ pátá," ó ní, "níbo ló lọ?" Mo ní mi ò mọ̀. Ó tún wo àwòrán náà. "Ọma mi, mo fẹ́ fojú ara mi rí ibi tí omi ti lọ."

Báyìí ni ètò ìrìn àjò wa ṣe bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìgbà òjò ọdún yẹn la fi ṣe é. Bí bàbá mi bá ti odò dé, tó wẹ̀ tán, tó jẹ pupuru tán, ó máa ní kí n mú ìwé mi wá. Ẹ̀yìn ìwé ìṣirò mi la ń kọ ọ́ sí. Èmi ni akọ̀wé, òun ni ọ̀gá. Ó to ẹrù wa bí ẹni tó ń lọ sí ìpàgọ́ apẹja: gaàrí, ẹja gbígbẹ, ìṣáná tí a wé sínú ọ̀rá, okùn, àdá, kẹ́ẹ̀gì omi mímu méjì. Omi mímu ni ó kọ́kọ́ dárúkọ. Àwa tí omi yí ká tọ̀sán-tòru, tó jẹ́ pé omi òjò inú àgbá nìkan la lè mu nítorí iyọ̀, kò sẹ́ni tó ní láti ṣàlàyé òùngbẹ fún wa.

"Kọ igbá ìgbọ́nmi sílẹ̀," ó ní.

Igbá tí a fi ń gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀ ló ń wí. Mo bú sẹ́rìn-ín. "Aba, aṣálẹ̀ mà ni! Kò sí omi níbẹ̀."

"Ìrìn àjò wo ni èèyàn ń lọ láìmú igbá ìgbọ́nmi? Kọ ọ́ sílẹ̀."

Mo kọ ọ́. Ìyá mi wà nídìí ibi tó ti ń yan ẹja, èéfín igi ẹ̀gbà bo ojú rẹ̀, ó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Gbólóhùn kan ló ní, kò sì sí ọjọ́ tí kò sọ ọ́: "Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà, ẹ ghá jẹun ná kí ẹ tó lọ." Títí tó fi kú ló ń pe èmi àti bàbá mi ní ará Amẹ́ríkà.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú ètò náà tí a ò parí. Ẹ̀yin ará omi mọ̀ pé ọkùnrin tó bá gúnlẹ̀ sí èbúté kì í fi àjẹ̀ tó fi ń tu ọkọ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀, kí ẹlòmíràn má baà tu ọkọ̀ náà lọ. Bí ó bá ń padà lọ́jọ́ náà, ó máa gbé àjẹ̀ lé èjìká wọ ọjà ni, yóò sì gbé e káàkiri títí yóò fi padà sí ọkọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń wọ mọ́tò lọ sí ọ̀nà jíjìn, ó máa fi àjẹ̀ náà lé ẹni tó fọkàn tán lọ́wọ́ létí omi. Ẹni yẹn ni yóò máa ṣọ́ ọkọ̀ títí onítọ̀hún yóò fi dé. Èmi akọ̀wé tí nǹkan kì í bọ́ lọ́wọ́ mi, mo bi bàbá mi pé, "Aba, ta ni a ó fi àjẹ̀ lé lọ́wọ́?" Ó wo ojú omi. Ó ní, "A ó rí ẹnì kan." Mo fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ onítọ̀hún nínú ìwé.

Ẹ má ṣe bú mi, mo gba ètò náà gbọ́. Mo sọ fún gbogbo kíláàsì wa. Mo sọ fún tíṣà. Mo sọ fún obìnrin tó ń tu ọkọ̀ kiri ta búrẹ́dì, ó ní kí n ra aṣọ òyìnbó bọ̀ fún òun. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń pa mí lẹ́rìn-ín, mo ní wọn yóò rí i. Nígbà tí ilé ìwé padé, mo to aṣọ mi méjì sínú àpò ọ̀rá, mo ká kàlẹ́ńdà náà lé e lórí, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti ìdájí. Bàbá mi jáde, ó rí mi. Mo lè rí ojú rẹ̀ títí di báyìí, ojú ẹni tó ń ṣeré pẹ̀lú ọmọ, tó wá rí i pé ọmọ náà kò ṣeré. Ó ní, "Ó dáa. Gbé àpò rẹ, ká máa lọ sí Igbókòdá."

Mi ò tíì dé Igbókòdá rí nígbà náà. Inú mi dùn débi pé èmi gan-an tu ọkọ̀ dé ìdajì ọ̀nà, ọwọ́ mi bó. Nígbà tí a gúnlẹ̀, ariwo èbúté bò mí: ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, àwọn tó ń pe èrò, àwọn obìnrin tó ń du ẹja. Bàbá mi so ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé àjẹ̀ lé èjìká, ó fi ọwọ́ kejì mú ọwọ́ mi. A gba àárín ọjà kọjá, a kọjá ibi tí mọ́tò wà. Mo ń wo àwọn mọ́tò náà, mo ń rò ó pé èwo ni tiwa. Kò dúró nídìí ìkankan. A ń lọ títí a fi dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ọ̀dà, níbi tí wọ́n da òkìtì òkúta fífọ́ kan sí. Ọ̀nà ni wọ́n fẹ́ fi í ṣe. Ó ga ju ilé lọ lójú mi.

"Òkúta rèé," bàbá mi ní. "Gùn ún."

Mo gùn ún. Ayọ̀ kọ́kọ́ mú mi, mi ò lè sọ pé kò mú mi. Òkúta náà ń yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ó ń dún wuruwuru, oòrùn ti mú un gbóná, ó gé mi lórúnkún. Mo dórí rẹ̀, mo rí òrùlé Igbókòdá, mo rí omi lókèèrè, mo ń pariwo pé mo ti gun òkè. Bàbá mi dúró nísàlẹ̀, àjẹ̀ léjìká, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Ìgbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ ni mo bi í pé mọ́tò wa dà.

Ó ní, "Omi ti ń fà. Jẹ́ ká máa padà sí ulí, sọ́dọ̀ ìyá rẹ."

Mo ní, "Amẹ́ríkà ńkọ́?"

Ó tẹ̀ ba, ó fẹ́ nu ẹ̀jẹ̀ orúnkún mi. Mo ta ẹsẹ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kígbe mọ́ ọn láàárín gbogbo èèyàn pé, "Irọ́ lẹ pa fún mi, Aba! Òpùrọ́ ni yín!"

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ ohun tó yẹ kó tẹ̀lé irú ọ̀rọ̀ yẹn láyé ìgbà tiwa. Obìnrin kan tó ń kọjá dúró, ó gbé ọwọ́ lé orí. Ó ń dúró de ìró ìgbájú. Bàbá mi ò nà mí. Ó dìde, ó tún àjẹ̀ náà gbé léjìká, ó ní, "Máa bọ̀." Òkúta kékeré kan wà lọ́wọ́ mi tí mo ti mú ní orí òkìtì. Nígbà tí a dé àárín odò, mo jù ú sómi kí ó lè rí i pé mi ò fẹ́ nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí i, ó sì ń tu ọkọ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, a ò mú ìwé ìṣirò yẹn jáde mọ́. Nígbà tó tún lọ sí Igbókòdá ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá òkúta kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí mi. Kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Èmi náà ò sọ nǹkan kan. Ojú ń tì mí láti dúpẹ́, ó sì ń tì mí láti bẹ̀bẹ̀, ìtìjú náà wá di ti ọdún pípẹ́.

Mo dàgbà, mo kàwé, mo di tíṣà ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti omi. Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Òkúta náà wà lórí tábìlì mi nílé ìwé, mo fi ń tẹ ìwé mọ́lẹ̀. Bàbá mi ti lé lọ́gọ́rin ọdún báyìí, ó ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Àkúrẹ́. Ìgbà kẹta tí òkun dé ilé wa, kò sí ẹ̀yìn tí a lè kọ́lé sí mọ́. Ìyá mi ti sùn kí ọjọ́ náà tó dé, mo sì dúpẹ́ pé kò rí i. Ẹrù tí bàbá mi kó kúrò níbẹ̀ kò kún àpò kan. Ṣùgbọ́n ó gbé àjẹ̀ rẹ̀ dání, ó fi í ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, nínú ìlú tí kò sí odò tó lè gba ọkọ̀ rẹ̀.

Ọmọ mi Tópẹ́ ló dá gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Amẹ́ríkà ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ kan ló pè mí lórí fóònù, ó ní òun ti gba ìsinmi, ó yẹ kí n wá, ó sì ní òun fẹ́ mú mi lọ sí ibì kan. Ó fi àwòrán ránṣẹ́. Mo wò ó, imú mi gbọ́ òórùn kẹrosíìnì. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ibi kan náà gan-an ni, ṣùgbọ́n òkúta pupa ni, àárín rẹ̀ là gbàgà, inú aṣálẹ̀ ni, ọgbà ìjọba ni. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé, Tópẹ́ ń bi mí pé, "Mọ́mì, kí ló dé? Ṣé ẹ ò fẹ́ lọ ni?"

Oṣù méjì la ti wà lórí ètò náà. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni Tópẹ́ ń pè, èmi pẹ̀lú ìwé àti bírò, bàbá mi lórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń dá sí i bí ọ̀gá àtijọ́. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan bóyá yóò bá wa lọ. Ó fi ọwọ́ gbá orúnkún rẹ̀ méjèèjì, ó ní kí n bi àwọn wọ̀nyí. Tópẹ́ ka ohun tí a ó mú: bàtà tó di ẹsẹ̀ mú, fìlà, oúnjẹ gbígbẹ, omi mímu tó pọ̀ gan-an.

"Omi mímu ni kó kọ́kọ́ kọ," bàbá mi ní.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, Tópẹ́ ní ohun kan wà tí àwọn tó ń ṣọ́ ọgbà náà ń kìlọ̀ fún èèyàn. Ó ní bí òjò bá rọ̀ níbi tó jìnnà, kódà bí ojú ọ̀run bá mọ́ kedere lórí ẹni, omi lè dé lójijì kó sì kún àárín òkúta yẹn. Ó ní a gbọ́dọ̀ bi wọ́n nípa ojú ọjọ́ kí a tó wọlé.

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. "Tópẹ́, ṣé o gbọ́? Mo sọ fún ìyá rẹ! Mo ní kó kọ igbá ìgbọ́nmi sílẹ̀, ó ń fi mí rẹ́rìn-ín!" Nígbà tí ẹ̀rín náà tán, ó nu ojú rẹ̀. Ó ní, "Omi náà ò lọ nígbà náà. Ó kàn ń sinmi ni." Mo rí i pé ó dùn ún díẹ̀, ó sì dun èmi náà nítorí rẹ̀. Ó ti gbé ibi tí omi ti lọ yẹn sọ́kàn láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Lẹ́yìn tí Tópẹ́ pa fóònù, mo ń ka ohun tí mo kọ sílẹ̀ sókè fún un, ó dá mi dúró. Ó ní, "Ta lo fẹ́ fi àjẹ̀ lé lọ́wọ́?"

Ó fi ṣàwàdà ni. Ṣùgbọ́n bírò dúró lọ́wọ́ mi. Ìbéèrè tèmi ni, èyí tí mo fi àyè ìdáhùn sílẹ̀ fún nínú ìwé ìṣirò. Ibẹ̀ ni mo ti rí bàbá mi lójú mi, nísàlẹ̀ òkìtì òkúta Igbókòdá, àjẹ̀ léjìká. Láti èbúté ni àjẹ̀ náà ti wà léjìká rẹ̀, la àárín ọjà kọjá, kọjá gbogbo mọ́tò yẹn, lójú gbogbo ayé. Kò fi í pamọ́ fún mi. Ọmọ omi ni mí, mo mọ àṣà náà dunjú débi pé èmi fúnra mi ni mo bi í. Ká ní mo wo èjìká rẹ̀ ni, ǹ bá ti mọ̀ pé a ń padà lọ́jọ́ náà, pé òkìtì òkúta yẹn ni ibi tí agbára rẹ̀ lè gbé mi dé, ó sì gbé mi dé ibẹ̀. Kò pa irọ́ fún mi ní Igbókòdá.

Mo kúnlẹ̀ níwájú àga rẹ̀. Mo ní, "Aba, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí yín ní Igbókòdá, ẹ forí jì mí."

Mo rò pé yóò bi mí pé ọ̀rọ̀ wo. Kò bi mí. Ó gbé ọwọ́ lé orí mi, ó ní, "Ọmọ kékeré ló sọ ọ́. Èmi àgbà ló yẹ kí n ti sọ òótọ́ nílé, kí o tó di ẹrù. Ojú rẹ ni mi ò lè wò."

Mo ti ju ọjọ́ orí tí bàbá mi wà nígbà yẹn lọ báyìí. Èmi náà ti wo ojú Tópẹ́ rí, mo ti ṣèlérí ohun tí ọwọ́ mi ò tó fún un, mo sì ti wá ohun kékeré fi rọ́pò rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn mọ orúkọ gbogbo ohun tó yẹ kí arìnrìn-àjò mú dání, ó kọ ọ́ ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́, ṣùgbọ́n ohun tó hàn gbangba léjìká ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ jù lọ, kò rí i. Ìyá àgbà tó ń kọ ìwé yìí ti ní tíkẹ́ẹ̀tì, ó ní bàtà tuntun tó ń pa á lẹ́sẹ̀, ó sì ń bẹ̀rù ọkọ̀ òfuurufú. Ó pẹ́ gan-an kó tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo èèyàn.

Mo dìde, mo lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá bàbá mi, mo gbé àjẹ̀ náà jáde. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un, mo ní, "Ẹ̀yin ni mo fi í lé lọ́wọ́, Aba, títí n ó fi dé."

Ó gbà á. Ó gbé e wò bóyá ó ṣì wúwo bí ti tẹ́lẹ̀, ó tẹ́ ẹ lé orúnkún rẹ̀ méjèèjì, ó sì di ibi ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ó dáa," ó ní. "Lọ́tẹ̀ yìí, o ń lọ."